Ẹrẹ̀ Tó Di Òkúta: Láti Àpáàdì Ifẹ̀ dé Balùwẹ̀ Màámi ní Gbaji

Ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, Màámi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Táìlì tó ń dán bíi dígí ni Bàámi ní kí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó dolóògbé, torí pé nígbà yẹn, táìlì tó bá ń dán ni gbogbo ayé ń pè ní táìlì gidi. Omi ọṣẹ díẹ̀ ló dà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Màámi gba ibẹ̀ kọjá, ọwọ́ òsì wọn sì kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Ọwọ́ ti san, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé lórí pákó, lálẹ́, nínú òkùnkùn, nítorí pé ẹ̀rù balùwẹ̀ ilé ara wọn ń bà wọ́n.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Tí mo bá ṣe àṣìṣe láàárọ̀, mo lè tún un ṣe kó tó di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Mi ò mú tírówẹ̀lì dání rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo wo fídíò mẹ́rin lórí YouTube, ojú mi là, mo ní èmi fúnra mi ni màá tún ilẹ̀ balùwẹ̀ náà ṣe. Òkúta síléètì ni mo yàn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: òun náà ni síléètì dúdú tí wọ́n fi ń kọ ABD nílé ìwé láyé ọjọ́un. Ojú rẹ̀ kì í dán. Ó máa ń rí gbágungbàgun díẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ kì í tètè yọ̀, kódà bí omi bá wà níbẹ̀.

Òkúta kò sí ní Gbaji. Tí ẹ bá gba títì márosẹ̀ láti Àgbádárìgì lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ẹ máa rí i fúnra yín: iyanrìn, omi, igi àgbọn, ẹrẹ̀. Gbogbo òkúta tó wà nínú ilé wa, láti orí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi po kọnkéré títí dé orí síléètì mi, ọkọ̀ ló gbé e wá. Bí mo ṣe ń já páálí síléètì sílẹ̀ ni ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn: kí sìmẹ́ńtì tó dé, kí táìlì tó dé, kí ni àwọn èèyàn wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ rọrùn. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n ń lù mọ́lẹ̀ títí yóò fi le, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màálù, tí wọ́n pò mọ́ omi ra á, kó lè dán, kí eruku má sì máa sọ. Àwọn obìnrin ilé ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Màámi ṣe é nígbà èwe wọn. Wọ́n ní tó bá gbẹ tán, kò rùn rárá, ẹsẹ̀ kì í sì í yọ̀ lórí rẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń wo páálí síléètì mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ìdáhùn kejì ló yà mí lẹ́nu. Ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀. Ọkọ́ wọn kan ère idẹ. Frank Willett, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà. Àwọn ère yẹn ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa wọn títí dòní, wọ́n sì lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà nínú ilẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kì í yà ní fọ́tò fi sórí Instagram: ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Peter Garlake tún rí irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ní ilẹ̀ Ọbalárá àti ní Wóyè Àṣírí, nínú Ifẹ̀ kan náà. Láti 2015, Adisa Ogunfolakan àti Gérard Chouin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn tún padà sí ẹnu iṣẹ́ ní Ìta Yemòó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ alápáàdì Ifẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sí àárín nǹkan bí ọdún 1000 sí ọdún 1400.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja bí àwa ṣe ń tẹ́ táìlì. Wọ́n dá a dúró lórí etí rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n sì rì í sínú amọ̀ tútù, tó fi jẹ́ pé etí nìkan ló hàn lókè. Wọ́n máa ń tò ó kó dà sí ọ̀tún, kí ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e dà sí òsì, bí ewé màrìwò ṣe máa ń ya sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbòmíràn, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín àpáàdì láti fi ṣe ọnà. Nínú àwọn kan, wọ́n ri ìkòkò mọ́ ilẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ nìkan yọ síta, ibi tí wọ́n ti lè ta nǹkan sílẹ̀ fún òrìṣà. Púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ yìí ni wọ́n gbà pé àgbàlá ni, àárín ilé tí kò lórùlé, tí òjò ń rọ̀ sí.

Ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa fọ́ ọ. Bí ẹ bá dá a dúró lórí etí, ìwúwo èèyàn á bá ibi tó le jù lára rẹ̀ pàdé. Àpáàdì kò sì dọ́gba rí: èyí gùn, èyí kúrú. Ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́, torí pé inú amọ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n fi àìdọ́gba náà pamọ́ sí, òkè wá tẹ́jú. Ohun tí wọ́n sì fi ṣe é kò ná wọn ní kọ́bọ̀: ìkòkò tó fọ́ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ló sábà ń mọ ìkòkò, obìnrin ló ń fi í dáná, ọwọ́ obìnrin ló sì sábà máa ń fọ́ sí. Àwọn àgbà wa ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ní Ifẹ̀, àpáàdì ko òjò lójú pẹ̀lú.

Ta ló ṣe é? Tí ẹ bá béèrè ní Ifẹ̀, orúkọ kan ni ẹ máa gbọ́: Ọọ̀ni Lúwòó Gbàgìdá. Òun nìkan ni obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn Ọọ̀ni tí ìtàn Ifẹ̀ ń kà. Ọmọ rẹ̀, Adékọ́lá Télù, ni ìtàn ìlú Ìwó fi ṣe baba ńlá àwọn ọba wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwòó fẹ́ràn ìmọ́tótó púpọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ ọba, iṣẹ́ àpáàdì ni ọba máa fi jẹ ẹ́ níyà. Wọ́n tún ní ó le mọ́ ará ìlú.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè nínú. Ilẹ̀ alápáàdì kò mọ sí Ifẹ̀ nìkan. Graham Connah rí irú rẹ̀ ní Benin ní àwọn ọdún 1960, ó sì tún rí i ní Daima lẹ́bàá adágún Chad, ní Borno. Wọ́n ti rí i ní àríwá Togo pẹ̀lú. Àwọn ti Ifẹ̀ gan-an, ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan ló wà láàárín wọn. Kò sí ọba kan, ì báà jẹ́ ọkùnrin ì báà jẹ́ obìnrin, tó lè jókòó sórí ìtẹ́ fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Lúwòó lè ti tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ju ọba kan lọ: ìmọ̀ ni, tí ọwọ́ kan ń gbé lé ọwọ́ kejì lọ́wọ́. Orúkọ ọba ló kù sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó kúnlẹ̀ sínú amọ̀ tútù, tí ẹ̀yìn ń dùn, tó ń to àpáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí níbì kankan.

Èmi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àkókò yìí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kó má ra á lọ́wọ́: gọ́ọ̀mù táìlì ti dé ìgúnpá mi. Mo ti lẹ síléètì mẹ́sàn-án, mo sì rí i pé ilẹ̀ náà ń rìn bí ìgbì òkun. Ìdí ni pé síléètì kì í ṣe táìlì tí ẹ̀rọ gé dọ́gba. Ńṣe ni wọ́n máa ń là á bí ẹni la igi ìdáná. Èyí nípọn bí ìka mi, èyí fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì. Ṣùgbọ́n mo ti lẹ̀ wọ́n bí ọwọ́ mi ṣe ń bá wọn nínú páálí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo fa fóònù yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn síléètì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Síléètì, ẹrẹ̀ ni. Mi ò fi ṣàwàdà. Ẹrẹ̀ kíkúnná tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun ní àìmọye mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni. Ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ooru inú ilẹ̀ yan án, ó di òkúta tó ṣeé là ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ohun tí obìnrin amọ̀kòkò ń fi iná igi ṣe fún amọ̀ ní ọjọ́ kan, ilẹ̀ fi mílíọ̀nù ọdún ṣe é. Àpáàdì àti síléètì, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ibi tí síléètì ti lókìkí jù láyé ni àríwá Wales, ní Bìrìtìkó. Ní ìparí àwọn ọdún 1800, ibi ìwakùsà Penrhyn tó wà ní Bethesda ni ibi ìwakùsà síléètì tó tóbi jù lágbàáyé. Ibẹ̀ ni òkúta tí wọ́n fi bo òrùlé ilé ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ti wá. Ọkùnrin tó sọ ọ́ di ńlá ní àwọn ọdún 1780 ni Richard Pennant, tí wọ́n fi jẹ Baron Penrhyn. Owó wo ló fi ṣe é? Owó ìrèké. Ó ní oko ìrèké ní Jamaica, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti etíkun Áfíríkà ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣojú ìlú Liverpool ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì fi gbogbo agbára tako àwọn tó fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san owó gbà-má-bínú fún, kì í ṣe àwọn ẹrú. George Hay Dawkins-Pennant, ẹni tó jogún ohun ìní náà, gba £14,683 lórí ẹrú 764.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ rántí ibi tí mo jókòó sí. Láti Gbaji dé Àgbádárìgì kò jìnnà, níbi tí ọjà ẹrú Vlekete wà, àti erékùṣù Gberefu, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wọ ọkọ̀ tí wọn ò sì padà wá mọ́. Àwọn tí wọ́n fi kún oko Jamaica, láti ọ̀pọ̀ èbúté etíkun wa ni wọ́n ti kó wọn lọ. Iṣẹ́ wọn di ṣúgà, ṣúgà di owó, owó di ihò ńlá nínú òkè kan ní Wales. Síléètì tèmi kì í ṣe ti Wales. India ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò tún lè wò ó mọ́ bí ohun tí kò ní ìtàn. Àwọn tó sì ń la òkúta náà ní Penrhyn, àwọn náà jìyà: ní 1900, nǹkan bí 2,800 òṣìṣẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ wọn, ó sì di 1903 kí ìjà náà tó parí, láìjẹ́ pé wọ́n borí. Ní 2021, UNESCO fi ilẹ̀ síléètì Wales kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Orúkọ Penrhyn ṣì wà lára ibi ìwakùsà náà. Ẹ sì ti mọ orúkọ tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa yọjú. Bíríkìlà ni wọ́n, láti Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè ni wọ́n ti wá. Wọ́n wo iṣẹ́ mi, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Àbúrò, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Tú u kó tó gbẹ."

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ bíríkìlà láti Àjàṣẹ́ kì í ṣe nǹkan àná. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti oko ẹrú ní Brazil láàárín àwọn ọdún 1800, ló kó ọgbọ́n ilé kíkọ́ tuntun dé Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894. Àwọn tí òwò ẹrú kó lọ, tàbí àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n padà wá kọ́ wa bí a ṣe ń rẹ́ ògiri àti bí a ṣe ń gbẹ́ ọnà sí ojú fèrèsé. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará Èkó tó bá fẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì dáadáa, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí ọmọ Togo ni wọ́n máa ń wá.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Inú ọkọ̀ òkun ló ti ń wá tẹ́lẹ̀. Nkalagu bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1957, Ewékorò tẹ̀ lé e ní 1960. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba Gowon ra sìmẹ́ńtì bí ẹni tí wọ́n ń lé: nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Ní 1975, ó lé ní 400 ọkọ̀ tó tò sójú òkun tó ń dúró kí wọ́n já ẹrù wọn. Lọ́dún yẹn ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Láàárín ìran kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí obìnrin ń fi ọwọ́ ra di ilẹ̀ tí a ń fi owó rà.

Ẹ̀gbọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. A kọ́kọ́ pín síléètì sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó nípọn, èyí tó wà láàárín, èyí tó fẹ́lẹ́. A to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, ká lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà. Èyí tó nípọn jù la kọ́kọ́ lẹ̀, òun ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe máa ga tó. Èyí tó fẹ́lẹ́ la ń fi gọ́ọ̀mù púpọ̀ sí lábẹ́. Ẹ̀yìn síléètì náà la ń pa ní gọ́ọ̀mù, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, kí àlàfo má baà wà nísàlẹ̀ tí omi á máa farapamọ́ sí. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dà díẹ̀ sí ihò omi, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 nínú mítà 1. Ẹ̀gbọ́n ò fi ẹ̀rọ wo ìyẹn tán: wọ́n bu omi sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Síbẹ̀, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yẹ kí n ti fi síílà pa ojú òkúta náà kí n tó fi sìmẹ́ńtì funfun dí àárín wọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta náà fa funfun sínú bí ẹni tó ń mu ògì. Mo fẹ́ da ásíìdì sí i, ẹ̀gbọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú: ásíìdì lè jẹ òkúta náà. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ni mo fi ń họ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nínú iṣẹ́ tèmi, bọ́tìnnì kan ni màá tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lára òkúta.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, Màámi bọ́ bàtà, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Wọ́n ní kí n bu omi sí i. Mo bu ú. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ sí i. Mo fi í sí i. Wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀ léwe. Nígbà tó yá, wọ́n jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.

"Ó di ẹsẹ̀ mú," ni wọ́n wí. Wọ́n lé mi jáde, wọ́n wẹ̀.

Ó ku àwọn síléètì tí mo bà jẹ́: èyí tó fọ́ nígbà tí mo ń gé e, èyí tí a tú tó là sí méjì. Mo fẹ́ kó wọn dànù, Màámi ní rárá. Lẹ́yìnkùlé, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, ibì kan wà tó máa ń di ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. A gbẹ́ ibẹ̀ díẹ̀, mo sì kúnlẹ̀. Mo dá àfọ́kù síléètì náà dúró lórí etí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ọ̀wọ́ kan dà sí ọ̀tún, ọ̀wọ́ kejì dà sí òsì, mo fi amọ̀ há wọn mọ́ra. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí sìmẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n wá wò ó, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n fò sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò oṣù Kẹfà ti rọ̀ sórí rẹ̀ báyìí. Nínú balùwẹ̀, síléètì kan lẹ́nu ọ̀nà ti ń mì díẹ̀, màá tún un lẹ̀. Ti ẹ̀yìnkùlé kò mì.